Ìṣirò àkókò ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ìṣirò àkókò ni ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà pín ọjọ́, oṣù àti ọdún sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n lè fi dá ìpàdé, kí wọ́n fi ná ọjà, kí wọ́n fi jọ́sìn, kí wọ́n sì fi mọ iye iṣẹ́ tó tó owó. Ilẹ̀ ayé tó ń yí ló fún wa ní ọ̀sán àti òru. Wákàtí 24, ìṣẹ́jú 60 àti ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, àdéhùn ọmọ èèyàn ni gbogbo wọn. Ní Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti ní ìlú Oǹdó fúnra rẹ̀, àdéhùn tí àwọn ará ìlú ń tẹ̀ lé ju ẹyọ kan lọ: aago ọwọ́ wà, oòrùn wà, ọjọ́ ọjà wà, ìpè ìrun àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà wà.

Oòrùn àti aago

Nígbà tí aago bá lu méjìlá ọ̀sán ní Àkúrẹ́, oòrùn kò tíì dé àtàrí. Àkókò kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ń lò láti Badagry títí dé Maiduguri, ó sì fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich, ibì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ayé fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò aago. Ibi tí irú àkókò bẹ́ẹ̀ ti bá oòrùn mu rẹ́gí ni ìlà 15 sí ìlà-oòrùn Greenwich, nínú ìlà 360 tí wọ́n fi pín ayé yíká, ìlà náà kò sì kan ilẹ̀ Nàìjíríà rárá. Nǹkan bí ìlà 5.2 ni Àkúrẹ́ wà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ilẹ̀ ayé fi ń yí gba ìlà kan kọjá, nítorí náà aago Àkúrẹ́ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 39 ṣáájú oòrùn Àkúrẹ́. Oǹdó wà ní ìwọ̀-oòrùn Àkúrẹ́, oòrùn sì máa ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí i kó tó dé àtàrí níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lè ri ọ̀pá oníwọ̀n mítà kan mọ́lẹ̀ lóòró ní àgbàlá ilé rẹ̀ ní nǹkan bí 8 oṣù kẹrin. Ní aago méjìlá gbáko, òjìji ọ̀pá náà á ṣì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18, á sì nà sí ìwọ̀-oòrùn. Á máa kúrú díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi wọ abẹ́ ọ̀pá pátápátá nígbà tí aago méjìlá bá ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 41 kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni oòrùn máa ń gba orí Àkúrẹ́ kọjá gẹ́lẹ́ báyìí. Ìkejì máa ń bọ́ sí nǹkan bí 4 oṣù kẹsàn-án.

Ìyàtọ̀ náà kì í dúró sójú kan. Ọ̀nà tí ilẹ̀ ayé ń gbà yí oòrùn po kò rí róbótó, ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí èyí, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nǹkan bí aago 12:23 ni oòrùn ń dé àtàrí ní Àkúrẹ́. Ní àárín oṣù kejì, ó di nǹkan bí 12:53. Àwọn Mùsùlùmí mọ èyí dáadáa, nítorí ìgbà tí oòrùn bá yẹ̀ kúrò ní àtàrí ni àkókò ìrun Àílà ń wọlé, kálẹ́ńdà ìrun sì gbọ́dọ̀ máa sún tẹ̀ lé e.

Bí aago ìjọba ṣe dé

Ní 1884, àwọn orílẹ̀-èdè kan pàdé ní Washington, wọ́n sì fi Greenwich ṣe ìlà àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé á máa kà láti ibẹ̀. Ní Èkó, láti 1908 títí di òpin 1913, àkókò tó bá oòrùn ìlú náà mu ni wọ́n lò: ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣáájú Greenwich. Ní 1914, ọdún tí wọ́n pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1919, ó di wákàtí kan, òun la sì ń lò títí di òní. Oòrùn kò yí padà ní gbogbo ìgbà yìí. Àwọn aláṣẹ ni wọ́n ń pa aago dà.

Láti 1967, ìṣẹ́jú-àáyá kò sí lọ́wọ́ ilẹ̀ ayé tó ń yí mọ́. Ìgbì 9,192,631,770 láti ara átọ́ọ̀mù caesium, irú irin kan, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ ọjà

Kí aago tó dé, ìdájí, òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́ àti òru ọ̀gànjọ́ ti tó fún àgbẹ̀ láti ṣètò iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọbàtálá. Ọjọ́ tí èèyàn wà nínú rẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà, ìdí nìyẹn tí ọjà tó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún, tí ìpàdé tó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ 16 sì ń jẹ́ ìtàdógún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ báyìí. Síbẹ̀, ní ọdún ìbílẹ̀ Aheregbe, tí Déjì, ọba Àkúrẹ́, bá ti pàṣẹ, títì ni ọjà máa ń wà, ohun yòówù kí kálẹ́ńdà ọ́fíìsì wí.

Gáréèjì àti ìnáwó

Èrò tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó kì í sábà bèèrè aago tí ọkọ̀ máa gbéra. Àyè tó ṣẹ́ kù ló ń wò. Bí wọ́n bá ti ń pariwo “Ó ku ẹnì kan!”, ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ láti ra gúgúrú á sáré padà. Ìnáwó náà rí bẹ́ẹ̀: ìwé ìpè lè sọ pé aago mọ́kànlá, ṣùgbọ́n àtẹni tó peni àtẹni tí wọ́n pè ló mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni àríyá ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan máa ń pe èyí ní “àkókò Áfíríkà”, bí ẹni pé àìmọ aago ni. Ìbáwí náà kò tọ́. Ìyá tó dé ibi ìnáwó ní aago kan ọ̀sán yìí kan náà ló ti mú ọmọ rẹ̀ dé ibi ìdánwò JAMB kí aago méje àárọ̀ tó lù. Ó mọ èyí tí aago ń darí, ó sì mọ èyí tí àwọn èèyàn ń darí.

Bí àkókò ṣe ń rí lára

Ara èèyàn ní ìṣirò tirẹ̀. Ní oṣù keje 1962, Michel Siffre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lọ gbé inú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan láìmú aago dání. Nígbà tí wọ́n sọ fún un ní 14 oṣù kẹsàn-án pé ọjọ́ ti pé, 20 oṣù kẹjọ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Síbẹ̀, sísùn àti jíjí rẹ̀ kò jìnnà sí wákàtí 24. Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017 fún iṣẹ́ wọn lórí ohun tó ń darí ìyípo yìí nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ti ọkàn yàtọ̀. Ẹni tó ń dúró de dókítà, tó sì ń wo aago lemọ́lemọ́, á rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí wákàtí kan, nítorí àkókò gan-an ló gbájú mọ́. Ẹni tó ń tajà lọ́wọ́ kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ìrántí, ó máa ń yí padà: ọjọ́ tí ohun tuntun kún inú rẹ̀ máa ń dà bí ọjọ́ gígùn, oṣù tí kò sí ìyàtọ̀ nínú rẹ̀ á sì súnkì. Àlàyé yìí wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ń ṣe fún ohun tí àwọn àgbà sábà máa ń sọ, pé ọdún ń yára ju ti ìgbà èwe wọn lọ.