Neopatrimonialism: ìjọba tí wọ́n ń ṣe bí ogún bàbá

Gígùn lọ̀rọ̀ yìí gùn, inú rẹ̀ kò ṣòro. Láti inú èdè Látìn ni patrimonium ti wá: ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fọ́mọ. Max Weber, onímọ̀ ará Jámánì, ló fi ṣàpèjúwe ìjọba tí alákòóso ń ṣe bí ilé ara rẹ̀: àpò ìlú àti àpò tirẹ̀, ọ̀kan náà ni.

"Neo", ìyẹn tuntun, ló gbé ẹrù ọ̀rọ̀ náà. Òfin wà, ọ́fíìsì wà, fáìlì àti òǹtẹ̀ wà, síbẹ̀ ẹni tó mọ ọ̀gá ni nǹkan ń yọrí fún. Christopher Clapham, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣèlú ní Yunifásítì Lancaster fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tàn. Ethiopia ló kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Ìwé rẹ̀ lórí ìjọba Haile Selassie, ọba ibẹ̀, jáde ní 1969.

Ethiopia ìgbà náà ní òfin ìpìlẹ̀ láti 1931, wọ́n gbé tuntun jáde ní 1955. Ilé aṣòfin wà, àmọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ò sí rárá. Wolde Giyorgis ni Mínísítà fún Kálàmù, òun ló ń kọ àṣẹ ọba sílẹ̀, òun sì ni igi lẹ́yìn ọgbà láti 1941. Ní 1955, ọba yọ ọ́, ó ní kó lọ ṣe gómìnà ní Arussi. Ó parí: ọwọ́ ọba ni agbára rẹ̀ wà, kì í ṣe inú òfin.

(Ẹ má fi èyí wé Aláàfin àtijọ́ o. Bí Baṣọ̀run bá gbé igbá òfìfo fún un, ìpín rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ààfin kì í ṣe ogún bàbá rẹ̀ nìkan.)

Ohun tó jọ ọ́ lọ́dọ̀ wa ni baba ìsàlẹ̀: kò dípò kankan mú, òun ló sì ń sọ ẹni tó máa di kọmíṣọ́nnà. Owó ìjọba ni wọ́n ń ná, ilé ẹnì kan ni wọ́n ti ń lọ dúpẹ́.

Thandika Mkandawire, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ Màláwì, ta ko ọ̀rọ̀ náà ní 2015: kò sọ ìdí tí orílẹ̀-èdè kan fi ń gòkè tí ìkejì ń rẹlẹ̀, níwọ̀n bí wọ́n ti ní àwọn méjèèjì rí bákan náà. Ó jàre. Ọ̀rọ̀ náà dára fún sísọ bí ọ́fíìsì ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí a bá ní kó sọ ohun tó fa òṣì, ẹrù náà ti wúwo jù fún un.