Ìjàpá Ló Ṣáájú Ológbò

Ẹni tó bá ṣí Scratch, ètò tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ológbò aláwọ̀ ọsàn ni yóò kọ́kọ́ rí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi l'Ọ̀ṣogbo níbí fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìjàpá ló ṣáájú rẹ̀, ìtàn ìjàpá yẹn ni mo sì máa ń sọ fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan máòsì.

Ọ̀dọ̀ Seymour Papert ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1928. Láti kékeré ni jíà ọkọ̀ ti gbà á lọ́kàn, àwọn wíìlì eléyín tí ọ̀kan ń yí èkejì. Ó ní àwọn ló la ìṣirò yé òun. Nígbà tó dàgbà, ó bá Jean Piaget ṣiṣẹ́ ní Geneva, onímọ̀ tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ bí ọmọdé ṣe ń ronú, kó tó gba yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà lọ. Lọ́dún 1967, òun, Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe Logo, èdè kọ̀ǹpútà fún ọmọdé. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà tóbi, ó sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Wọ́n ní ọmọ iléèwé ni kó máa pàṣẹ fún un!

Ìjàpá inú Logo, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tó ń rìn nílẹ̀ ni, kó tó di àmì ojú síkíríìnì. Ìjàpá inú àlọ́ wa kì í gbọ́ràn. Ohun tí o bá sọ gan-an ni tibí yìí máa ń ṣe. Ní kó rìn síwájú ní ìṣísẹ̀ 100, kó yà sọ́tùn-ún ní dígíríì 90, kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti ya onígun mẹ́rin fún ọ. Mo máa ń ní kí ọmọ kan dìde ṣe ìjàpá náà láàárín kíláàsì. Bí ẹni tó ń pàṣẹ bá gbàgbé pé kó yà, ara ògiri ni ìjàpá wa ń já sí.

Títẹ àṣẹ ló ń dá ọmọdé dúró. Àmì kan péré tó bá sọnù, kọ̀ǹpútà ò ní gbọ́. Mitchel Resnick, oníròyìn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Papert níbi ìpàtẹ kọ̀ǹpútà kan lọ́dún 1982, tó sì wá bá a ní MIT, ló gbé iṣẹ́ náà síwájú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe LogoBlocks lọ́dún 1996: àṣẹ di búlọ́ọ̀kù tí ọmọ ń fi máòsì fà, tó ń tò lé ara wọn bíi ti bíríkìlà. Èyí tí kò bá bára mu kò ní wọnú ara wọn rárá. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2007, Resnick àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Scratch jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn díjéè tó ń fọwọ́ yí rẹ́kọ́ọ̀dù síwá sẹ́yìn, tí wọ́n ń fi orin àtijọ́ ṣe tuntun, ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn.

Ká kọ́ nǹkan nípa ṣíṣe é kò ṣàjèjì l'Ọ̀ṣogbo. Ní Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá sílẹ̀ lọ́dún 1962, wọ́n kó ọ̀dà àti bébà fún àwọn tí kò lọ iléèwé iṣẹ́ ọnà rí. Àwọn míì nínú wọn, eré orí ìtàgé ni wọ́n ń bá Ládiípọ̀ ṣe. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti jáde. Nígbàkígbà tí mo bá rántí wọn, ọkàn mi máa ń balẹ̀ láti panu mọ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ọ̀nà.

Géèmù mángòrò la fi ń bẹ̀rẹ̀: mángòrò ń já bọ́ látòkè, apẹ̀rẹ̀ ń sá kiri nísàlẹ̀ láti gbà á. Scratch tí a gbà sórí kọ̀ǹpútà ò nílò dátà, ìyẹn ló gbà wá. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin JSS 2 kan to tiẹ̀ tán, ó tẹ àsíá aláwọ̀ ewé tó ń mú géèmù bẹ̀rẹ̀, mángòrò kan ṣoṣo bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, máàkì fò dé 19. Ó wò mí, n ò sọ̀rọ̀. Ó fi ìka tọ búlọ́ọ̀kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. Ó dé ìdí rẹ̀, ó pariwo: "Sà! Mángòrò ò tíì kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, ó ṣáà ń kà á lọ ni!"

Ó fa búlọ́ọ̀kù búlúù kan sábẹ́ èyí tó ń fi máàkì kún un, kí mángòrò padà sí y 180, òkè pátápátá. Ó tún tẹ àsíá. Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta. Àwọn ọmọ yòókù ti yí àga rẹ̀ ká.

Ó ní: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni màá ṣe ṣe é kí èyí tó ti rà náà máa já bọ́?"