Ó Mọ Fóònù Tẹ̀, Kò Mọ Pẹ́ńsù Dì Mú: Ìbéèrè Àwọn Òbí Lórí Ọwọ́ Ọmọdé

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi èmi olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi jùlọ kì í ṣe lórí ìwé kíkà. Lórí ọwọ́ ni. Mo kó díẹ̀ jọ síbí, mo sì dáhùn bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ wọn.

Àǹtí, ọmọ mi ọdún 3 mọ fóònù ṣí, ó mọ ibi tí kàtúùnù wà. Kí ló dé tó jẹ́ pé bó bá mú pẹ́ńsù, ńṣe ló ń gbá a mú bí ẹni fẹ́ gúnyán?

Iṣẹ́ méjèèjì kò jọra rárá. Ojú fóònù kò béèrè agbára, kò béèrè kí ìka kan ran ìkejì lọ́wọ́. Ẹ kàn án báyìí, ó ti dáhùn. Pẹ́ńsù ń fẹ́ ìka mẹ́ta tó gbọ́ ara wọn yé: àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá á fún un mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka àárín á gbà á dúró nísàlẹ̀, méjì tó kù á ká jókòó sórí ìwé. Ọmọ á tún mọ ìwọ̀n bí òun yóò ṣe tẹ̀ ẹ́: bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, ẹnu rẹ̀ á kán; bí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní hàn. Ọmọ tó fi gbogbo ọwọ́ gbá pẹ́ńsù mú kì í ṣe olódo. Ibi tó lágbára lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń lò, nítorí ìka kò tíì gbó.

Kí ni kò tíì gbó níbẹ̀?

Egungun 27 ló wà nínú ọwọ́ kan, láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Mẹ́jọ nínú wọn, àwọn kéékèèké tó wà ní ọrùn ọwọ́, kò tíì di egungun gidi lọ́jọ́ tí a bí ọmọ. Wọ́n rọ̀ bí ṣóńṣó igbáàyà adìẹ tí a máa ń rún jẹ. Bí wọ́n bá ya àwòrán egungun ọwọ́ ọmọ tuntun nílé ìwòsàn, òfìfo ni ẹ ó rí níbẹ̀. Méjì á kọ́kọ́ yọ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, àwọn yòókù á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn lè má hàn títí ọmọ á fi tó ọdún 9 sí 12.

Ohun tó tún máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu ni pé iṣan tó ń ká ìka kò sí nínú ìka fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ kejì mú, kí ẹ wá máa jó ìka ọwọ́ yẹn bí ẹni ń tẹ dùùrù. Ẹ ó gbọ́ bí ẹran apá ṣe ń yí lábẹ́ ọwọ́ yín. Ibẹ̀ ni iṣan ti ń fa ìka, bí okùn ṣe ń fa garawa láti inú kànga. Agbára sì máa ń sọ̀kalẹ̀ láti èjìká wá sí ìgbọ̀nwọ́, sí ọrùn ọwọ́, kó tó kan ìka. Nítorí náà, ọmọ tó ń rá, tó ń gun àga, tó ń wọ́ ike omi káàkiri àgbàlá, ó ti ń múra ìwé kíkọ sílẹ̀ o, bí ẹ bá tiẹ̀ ń jágbe mọ́ ọn.

Ẹ rántí pé láyé àtijọ́, kí wọ́n tó gba ọmọ sílé ìwé, wọ́n á ní kó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kó fi kan etí òsì. A máa ń fi rẹ́rìn-ín lónìí. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń fojú díwọ̀n, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ẹ̀rí ìbí. Àmọ́ ọwọ́ tó bá kan etí yẹn ti lo bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú iyẹ̀pẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní ṣọ́ọ̀kì.

Ọdún mélòó wá ni kí n máa retí kí ni?

Ọmọ kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ọmọ tuntun tó di ìka yín mú pinpin kò mọ̀ pé òun dì í. Ara rẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì máa ń lọ bó bá ń sún mọ́ oṣù 6. Ní nǹkan bí oṣù 7, á máa gbé nǹkan láti ọwọ́ kan sí èkejì. Láàárín oṣù 9 sí 12 ni ẹ ó rí i tó ń fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá he ẹyọ ìrẹsì kan lórí ẹní, tí gbogbo ilé á sáré bọ̀ kó tó gbé e sẹ́nu. Bó bá tó ọdún kan ààbọ̀, á máa fa ìlà wúruwùru. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń lè wo òbírí yà ní ọdún 3, ìlà méjì tó dábùú ara wọn ní ọdún 4, igun mẹ́rin bí wọ́n bá ń lọ sí ọdún 5, igun mẹ́ta ní nǹkan bí ọdún 5.

Ẹ wá wo lẹ́tà A. Ìlà méjì tó fẹ̀yìn ti ara wọn, ìkan dábùú wọn láàárín: igun mẹ́ta tó ní ẹsẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà tó le fún ọwọ́ ọmọdé ló ṣáájú, òun la sì ń gbé fún ọmọ ọdún 2 ààbọ̀, a tún ń gbá a lọ́wọ́ bó bá wọ́! Bó bá jẹ́ dandan ni kí ó kọ lẹ́tà, L àti T ló yẹ kó ṣíwájú.

Irú ohun ìṣeré wo ni kí n rà fún un?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ pè é wá sí ilé ìdáná.

Ẹ da ẹ̀wà sínú atẹ, kó bá yín ṣa ìdọ̀tí kúrò. Ẹ fún un ní ewédú kó máa já ewé rẹ̀. Igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ kéré, ìka á fara balẹ̀. Bó bá wẹ̀ tán, kó fún kànìnkànìn gbẹ. Kó fọ ṣọ́kọ̀sì tirẹ̀, kó fún un, kó fi pẹ́ẹ̀gì há a sórí okùn. Ohun tí pẹ́ẹ̀gì yẹn ń ṣe fún àtàǹpàkò, ìwé iṣẹ́ kankan kò lè ṣe é.

Oúnjẹ gan-an ńkọ́? Ẹ wo ọwọ́ ara yín nígbà tí ẹ bá ń jẹ àmàlà: ẹ bu òkèlè, ẹ yí i, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó jin díẹ̀, ẹ fi kó ọbẹ̀. Àbúrò mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ra amọ̀ aláwọ̀ mèremère fún ọmọ rẹ̀ kí ìka rẹ̀ lè lágbára, ó sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ ní ẹ̀bà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Amọ̀ yẹn kò burú ṣá. Ẹ lè pò ó nílé: ìyẹ̀fun ife 2, iyọ̀ ife 1, omi bí ife 1 tí ẹ ó máa dà sí i díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ gan-an, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Bó bá ń lọ sí ọdún 5, ẹ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin. Ìṣirò inú rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń yìn, èmi ọwọ́ ni mò ń wò. Ọmọ á kó ọmọ ayò mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ìka méjì ìgbẹ̀yìn á máa ṣọ́ wọn kí wọ́n má dà, àtàǹpàkò á máa tì wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ihò. Láti gbé nǹkan kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ wá sórí ìka láìlo ọwọ́ kejì, iṣẹ́ tó le ni. Irú rẹ̀ ni ọmọ máa ń ṣe bó bá ń yí pẹ́ńsù lọ́wọ́ kó lè fi ìdí rẹ̀ pa ohun tó kọ rẹ́. Òkòtó náà dára, torí bí ìka méjì kò bá fún un mú dáadáa kó tó fọn ọ́n, kò ní yí.

Kò sí ewu nínú gbogbo ohun kéékèèké yìí?

Ó wà. Ẹ̀pà odidi kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Ìlẹ̀kẹ̀ àti ọmọ ayò kì í ṣe ti ẹni tó ṣì ń gbé gbogbo nǹkan sẹ́nu. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ tó ń wà nínú rìmóòtù: bó bá há sí ọ̀fun, ó lè jó ọ̀fun láàárín wákàtí 2. Ẹ má dúró wò ó, ilé ìwòsàn ni.

Ọwọ́ òsì ló ń lò. Ìyá mi ní kí n yí i padà.

Ẹ bá mi kí Màmá, àmọ́ ẹ má yí i. Kó máa fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìyẹn ẹ̀kọ́ ilé. Pẹ́ńsù kì í ṣe àgbà. Láàárín ọdún 2 sí 4 ni ọwọ́ tí ọmọ fẹ́ máa lò máa ń hàn. Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀ bá ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo, tí èkejì dì tàbí tó kàn dúró sójú kan. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ṣé kí n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò ní ohun tó ń wò níbẹ̀, èyí tó wà láàárín ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Èmi ò ní kún un.

Wọ́n ń fún un ní iṣẹ́ àmúrelé lálaalẹ́: A dé Z, ojú ewé méjì. Ó ń sunkún. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Àwọn òbí kan ló máa ń béèrè ohun tí owó àwọn ń ṣe bí ìwé ọmọ bá ṣófo, àwa náà á sì kó iṣẹ́ sí i kí wọ́n lè rí nǹkan wò.

Kí ọ̀rọ̀ yín tó yanjú, ẹ kán ṣọ́ọ̀kì sí wẹ́wẹ́, kó má gùn ju ọmọńdinrín rẹ̀ lọ. Ìka márùn-ún kò ní ráyè níbẹ̀, mẹ́ta ló máa gbà. Kó dúró síwájú ògiri ẹ̀yìnkùlé, kó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, kí èjìká náà rí iṣẹ́ ṣe. Omi á fọ ògiri. Bó bá ti kọ T márùn-ún tó dúró, ẹ jẹ́ kó lọ sùn.