Orí Ìlàrí

Kí ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, tó dé ẹnubodè ni ará ìlú ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọba ló ń bọ̀. Orí rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Wọ́n á fá apá kan kodoro, wọ́n á fi apá kejì sílẹ̀; tó bá di ọjọ́ karùn-ún, apá tó kù ni wọ́n á fá. Ojú gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín sí i lórí nìkan ni abẹ kì í kàn. Irun ibẹ̀ á gùn, wọ́n á dì í, nígbà mìíràn wọ́n á fi aró pa á. Là-orí ló di ìlàrí. Orúkọ tí Aláàfin bá sọ ọ́ pàápàá, iṣẹ́ ni: Ọbalólú, Mádàáríkàn. Ẹni tí ọba bá rán Mádàáríkàn sí, ṣé ó tún yẹ kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀?

Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́-Ilé gba Ẹ̀gbádò kọjá lọ sí etí òkun, ẹṣin ọba kò lè wà níbi gbogbo, ojú ọba ló wá ń lọ. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú tó ń sìn, kó máa rí i pé ìṣákọ́lẹ̀ pé, kó sì mọ bí ọba ibẹ̀ ṣe ń rìn. Ajẹ́lẹ̀ jókòó, ìlàrí ń lọ ó ń bọ̀. Ajẹ́lẹ̀ ń ṣọ́ ọba ìlú, ìlàrí ń ṣọ́ ajẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wa ní irú ọgbọ́n báyìí, kó padà wá sí Ọ̀yọ́.

Ojú náà sì ń jẹun. Ohun tó bá wù wọ́n nílé onílé ni wọ́n ń mú. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, Lísàbí kó àwọn ọkùnrin jọ sínú àárò, ẹ bá mi ro oko tèmi lónìí, ká ro tiyín lọ́la. Àwọn ojú ọba rí wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ ebè, wọn ò kà á sí. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́, láyé Aláàfin Abíọ́dún, àwọn òpìtàn ní ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n pa lé ní 600. Ìbàdàn náà padà fi ajẹ́lẹ̀ sí Èkìtì, wọ́n sì fi ogun Kírìjì jìyà rẹ̀ títí di 1893.

Oṣù kọkànlá 1895 ni Captain Bower, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, yìnbọn àgbá lu Ọ̀yọ́. Nígbà tí òyìnbó wá fi aṣojú tirẹ̀ jókòó tì wá, kí làwọn èèyàn pè é? Ajẹ́lẹ̀. Àmọ́ ajẹ́lẹ̀ yìí kò fárí. Fáìlì ló ní, ẹni tí wọ́n sì kọ sínú fáìlì kì í mọ̀. Níbẹ̀ ni nǹkan ti yí padà, lójú tèmi.

Lẹ́yìn òmìnira, fáìlì kò bá òyìnbó lọ. Òfin àṣírí ìjọba dé ní 1962. Ìjọba ológun dá NSO, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, sílẹ̀ ní 1976, wọ́n sì pín in sí mẹ́ta ní 1986, SSS tí à ń pè ní DSS sì wà nínú wọn. Abala 37 ìwé òfin 1999 ní kí ẹnikẹ́ni má yọjú sí ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ orí fóònù wa. Abala 45 sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ nítorí ààbò ìlú. Òfin 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ní kí iléeṣẹ́ fóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè fún ọdún méjì. Ìlànà 2019 ní kí àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò gba àṣẹ adájọ́ kí wọ́n tó tẹ́tí sí ìpè, àfi tọ́rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, nígbà náà wọ́n á gbọ́ ná, wọ́n á wá gba àṣẹ láàárín wákàtí 48.

Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 nìkan ló yí ojú padà sọ́dọ̀ ìjọba: béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Láyé Ọ̀yọ́-Ilé, Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè, lè ní kí Aláàfin kú, ṣùgbọ́n ará Ẹ̀gbá kò lè béèrè ohun tí ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ rò sí Ààfin.

Nígbà tí wọ́n pàṣẹ ní oṣù kejìlá 2020 pé ká so nọ́ńbà fóònù pọ̀ mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mo mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ tẹ̀ka nítòsí Àkẹ̀sán. Gààrí ni wọ́n ń ṣe látìgbà èwe wọn. Ẹ̀gẹ́ ti họ gbogbo ilà orí ìka wọn lọ. Ẹ̀rọ náà kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Màmá, ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ tún tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa gbọ́ ohun tí mò ń bá ọmọ mi sọ ni?"

"Rárá o, Màmá. Ìjọba ni."

"Èwo nínú wọn?"

Ọmọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà rẹ́rìn-ín. Ó fá ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì, ó fi irun àárín sílẹ̀, ó sì ti pa á láró pupa. Wọ́n wò ó títí.

"Ìwọ ìlàrí yìí," ni wọ́n wí, wọ́n sì na àtàǹpàkò wọn sí i lẹ́ẹ̀karùn-ún.