Kí ni MLR? Ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì nínú àwo kan

Ìyá kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Kubwa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ SS. Wọ́n ń wá ẹni tó máa fún un ní mùdùnmúdùn eegun, wọ́n sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wò. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ wà ní láàbù," ó ní. "O positive ni àwọn méjèèjì, wọ́n wá ní wọn ò bára mu rárá. Látìgbà tí èsì yẹn ti dé, bàbá wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ọmọ ìyá kan, bàbá kan ni wọ́n o." Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, ẹ jẹ́ ká jókòó."

O positive yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. A, B, AB àti O, ara sẹ́ẹ̀lì pupa ni wọ́n ti ń kà wọ́n. Àmì tí wọ́n ń wá tí ọ̀rọ̀ bá di ti mùdùnmúdùn tàbí kíndìnrín yàtọ̀. HLA ni wọ́n ń pè é, ó sì dà bí ilà ojú. Láyé àtijọ́, àlejò ò tíì lanu lọ́jà tí wọ́n á ti mọ ibi tó ti wá: àbàjà rèé, pélé rèé. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbé HLA síta. Jean Dausset, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ọ̀kan nínú wọn ní 1958, ó sì pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti 1980 nítorí rẹ̀.

Lìmfósáìtì, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ara, ló ń ka ilà yìí, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní T. Lẹ́yìn eegun àyà ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, nínú ẹ̀yà ara kan tó ń jẹ́ thymus. Èyí tó bá fẹ́ gbógun ti ilà ilé tirẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á pa á kó tó jáde.

Ní 1964, Barbara Bain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal, àti Fritz Bach pẹ̀lú Kurt Hirschhorn ní New York, ròyìn ohun kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n da lìmfósáìtì ẹni méjì pọ̀, wọn ò fi kòkòrò àrùn kankan sí i, síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wú, wọ́n sì ń pín. Ìyẹn ni mixed lymphocyte reaction, MLR. Tó bá jẹ́ ti ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. (Púpọ̀ nínú ìbejì tiwa kì í ṣe irú yẹn o. Ẹyin méjì ni wọ́n ti wá, nítorí náà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán ni Táíwò àti Kẹ́hìndé rí tó bá di ti HLA.)

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ láàbù. A ó rọra da ẹ̀jẹ̀ sórí omi kan tó ki, Ficoll lorúkọ rẹ̀, a ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí. Bó bá dúró, sẹ́ẹ̀lì pupa ti wà nísàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ wà lókè, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín wọn tó rí bí omi tí wọ́n fi ṣan abọ́ ògì. Ibẹ̀ ni lìmfósáìtì wà. A ó fa ti ẹni méjì jáde, a ó pò wọ́n sínú ihò kékeré lára àwo ike, pẹ̀lú omi oúnjẹ wọn tó pọ́n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bíi zóbò tí wọ́n bu omi là. Wọ́n á wà nínú ooru 37, bíi ti ara ènìyàn.

Lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta sí ìkẹrin, sẹ́ẹ̀lì tó fọ́n ká bí ọkà bàbà á ti gbára jọ, wọ́n á ti tóbi. Tó bá fi di ọjọ́ kẹfà, omi zóbò yẹn ti ń di aláwọ̀ ìyeyè, torí pé sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ń tú ásíìdì sínú rẹ̀. Nínú ihò tí a ti da ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan pọ̀ mọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Mo ti pàdánù odidi àwo kan rí lálẹ́ ọjọ́ kẹrin nítorí iná tó lọ tí inverter náà sì kú, ó sì dùn mí wọra.

Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń jà, a ò ní mọ ẹni tó ń gbéjà ko ẹni. Nítorí náà, a máa ń fi ìtànṣán tàbí oògùn mitomycin dá apá kan dúró: ilà rẹ̀ ṣì hàn, ṣùgbọ́n kò lè pín mọ́. Èyí ṣe pàtàkì fún mùdùnmúdùn, torí pé sẹ́ẹ̀lì ẹni tó fúnni lè dójú ìjà kọ awọ, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ẹni tó gbà á.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni bí àwọn tó ń jà ṣe máa ń pọ̀ tó. Bí fáírọ́ọ̀sì kan bá kọ́kọ́ wọ ara, sẹ́ẹ̀lì T tó dá a mọ̀ kì í tó 1 nínú 10,000. Tó bá jẹ́ HLA ẹlòmíì, ó lè tó 1 sí 10 nínú 100, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí ara wọn rí. Ìdí ni pé HLA ju ilà lọ. Ó tún jẹ́ àwo tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé ègé kòkòrò àrùn han ẹ̀ṣọ́ ara. Àwo àjèjì wá jọ àwo ilé tí wọ́n gbé nǹkan burúkú lé lójú lìmfósáìtì, ló bá figbe ta.

Mo ya ilà sẹ́yìn ìwé ìsìn ìyá yẹn. Olúkúlùkù wa ló ní ìdì HLA méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ká ní bàbá ní àbàjà àti pélé, ìyá ní gọ̀m̀bọ́ àti kẹ́kẹ́. Ọmọ kan lè mú àbàjà àti gọ̀m̀bọ́, èkejì lè mú pélé àti kẹ́kẹ́. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, síbẹ̀ kò sí ilà kan tó pa wọ́n pọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ìyá méjì ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ìdá kan ń bára mu délẹ̀, ìdajì ń pín ìdì kan. Ọmọ àti bàbá ló gbọ́dọ̀ pín ìdajì. Kò pọn dandan kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pín ohunkóhun. Mo bi í bóyá ọmọ mìíràn ṣẹ́ kù. Ó ní méjì. Mo ní kí wọ́n yẹ àwọn náà wò, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin tirẹ̀.

Ní 1968, MLR ni Bach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi yan ọmọ ìyá tó fún ọmọdékùnrin kan ní mùdùnmúdùn. Lónìí, DNA ni wọ́n ń kà tààrà, kò sí pé à ń dúró de sẹ́ẹ̀lì kó pín. Ibi tí àwo yìí ti wúlò báyìí ni ìdánwò oògùn. Kán cyclosporin, oògùn tó ń dá lìmfósáìtì lẹ́kun, irú èyí tí ẹni tó gba kíndìnrín ń lò, sínú ihò kan: lọ́jọ́ kẹfà á ṣì pọ́n bíi zóbò, nígbà tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti di ìyeyè.