Bí sáà aláìlábàwọ́n Miami Dolphins ṣe ṣẹ̀

Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ikọ̀ kan ṣoṣo nínú NFL, líìgì àgbà eré náà, ló tíì borí gbogbo eré rẹ̀ títí tó fi gba ife: Miami Dolphins, ní sáà 1972. Eré 17 ni wọ́n ṣe, wọn ò pàdánù ọ̀kan, wọn ò gbá ọ̀mì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ nípa àwọn tó ti fìdí rẹmi ṣáájú.

Oṣù kìíní 1969, ní pápá Orange Bowl ní Miami níbẹ̀, New York Jets lu Baltimore Colts 16 sí 7 nínú Super Bowl III, eré àṣekágbá tí wọ́n fi ń gba ife. Kò sẹ́ni tó rò ó bẹ́ẹ̀. Don Shula ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Colts. Kọ́tábáàkì rẹ̀, ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù, ni Earl Morrall. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ́ọ̀lù tó jù bọ́ sọ́wọ́ àwọn Jets.

Ní 1970, Shula kó lọ sí Miami. Ọdún 1966 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Dolphins, eré mẹ́ta péré ni wọ́n sì borí ní 1969. Ó gbé wọn dé Super Bowl VI, Dallas Cowboys sì fàgbà hàn wọ́n, 24 sí 3. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni sáà 1972 bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Colts já Morrall sílẹ̀ ní 1972, dọ́là 100 ni Shula fi mú un. Ẹni ọdún 38 ni. Nínú eré karùn-ún, ẹsẹ̀ kọ́tábáàkì wọn, Bob Griese, kán, Morrall bá wọlé. Òun ni àgbà ọjà tí kò jẹ́ kí orí ọmọ tuntun wọ́: gbogbo eré mẹ́sàn-án tó kù nínú sáà gan-an, kí wọ́n tó dé ìpele ife, òun ló bẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n sì borí. Larry Csonka àti Mercury Morris náà ò kẹ̀rẹ̀. Àwọn ni méjì àkọ́kọ́ nínú ikọ̀ kan náà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé bọ́ọ̀lù sáré dé yáàdì 1,000 ní sáà kan.

Griese padà dé láàárín eré Pittsburgh tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n sì borí, 21 sí 17. Ní January 14, 1973, ní Los Angeles, òun ló bá Washington wàákò nínú àṣekágbá, Super Bowl VII. Nígbà tó ku díẹ̀, tí Miami ń fi 14 sí òdo síwájú, Morrall gbé bọ́ọ̀lù dúró fún Garo Yepremian láti gbá. Wọ́n dí i. Yepremian gbé e, ó fẹ́ jù ú, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Mike Bass sì gbé e sáré lọ gba ayò. Àyà gbogbo ènìyàn já. Ṣùgbọ́n 14 sí 7 ló parí sí, wọ́n sì gbé Shula lé èjìká.