"Ọ̀dà Faransé" kọ́, ìfàkísàdán ni

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n ń pè ní French polish yìí, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ṣẹ́láàkì mú kí ara igi máa dán, torí gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tún gìtá àtijọ́ ṣe, "ọ̀dà Faransé" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀, inú sì máa ń bí mi gan-an. Kí ló kan ọ̀dà níbẹ̀? Ọ̀dà máa ń bo igi mọ́lẹ̀ ni, èyí kò bo nǹkan kan, ṣe ni ìlà ara igi tún máa hàn síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Faransé tí wọ́n so mọ́ ọn náà ò là wá lóye, ṣẹ́láàkì tí wọ́n fi ń ṣe é, ara kòkòrò tíńtín kan tó ń gbé lórí ẹ̀ka igi ní Íńdíà àti Thailand ló ti ń jáde.

Èmi, ìfàkísàdán ni mò ń pè é. Ẹnì kan bá mi jà pé ọ̀rọ̀ àbùkù ni àkísà, ó ní ká kúkú máa pè é ní "pólíìṣì". Pólíìṣì kẹ̀? Bàtà lẹni tó bá gbọ́ ọ máa rò, á lọ gbé èyí tó wà nínú agolo, á fi ba gìtá onígìtá jẹ́. Àkísà yẹn gan-an niṣẹ́ ọ̀hún: wọ́n á ká òwú, wọ́n á fi aṣọ rírọ̀ wé e, wọ́n á kán ṣẹ́láàkì tí wọ́n ti fi sípíríìtì yọ́ sí i, pẹ̀lú òróró ólífì díẹ̀ kó má baà lẹ̀, wọ́n á wá máa fi yí po lórí igi láìdúró, torí tó bá fi lè dúró pẹ́ẹ́, ó ti ba ojú ibẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Léraléra, ọjọ́ lórí ọjọ́. Orúkọ tí ò bá dárúkọ àkísà, kí ló wá ń sọ?

Ohun tó jẹ́ káwọn tó ń tún gìtá ṣe fẹ́ràn ẹ̀ rèé: tí wọ́n bá fi ṣẹ́láàkì tuntun lé ti àtijọ́, ó dà bí ìgbà téèyàn da àbẹ́là tó ti yọ́ lé àbẹ́là tó ti dì, méjèèjì á wọnú ara wọn, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti àná mọ́. Polyurethane, fánísì ìgbàlódé tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Nítorí náà tí gìtá kíláásíkà ìgbà Antonio de Torres (ará Sípéènì tó máa ń ṣe gìtá, ó kú lọ́dún 1892) bá bàjẹ́ lójú kan, ojú kan yẹn náà ni wọ́n máa tún ṣe, kò sídìí láti fi sáńpépà họ gbogbo ara ẹ̀, ojú gìtá tí ò nípọn ju bíi mílímítà 2 sí 3 lọ, kí lẹ fẹ́ họ kúrò níbẹ̀?

Ìdí tí mi ò fi gbà kí wọ́n da èyí pọ̀ mọ́ àtúnkùn nìyẹn. Àtúnkùn ni kí wọ́n bó gbogbo ti àtijọ́ dànù. Àwọn kan tún ń pe nitrocellulose, irú fánísì kan tí wọ́n ń fín, èyí tó gbòde láti bíi 1920 sókè, ní "ọ̀dà Faransé", ìyẹn ò tiẹ̀ rí àkísà sójú!

Òótọ́ ni pé òógùn, ooru àti ọtí tètè máa ń ba ìfàkísàdán jẹ́. Fáyólìn àtijọ́ tó ṣì ní fánísì tiẹ̀ lára ńkọ́? Ẹ má fàkísà yìí kàn án o, fánísì ẹni tó ṣe é lẹ máa bò mọ́lẹ̀.